Sípíkà Tuntun Ń Tijú

Kò sí ẹni tó ti pẹ́ ní Monrovia tí kò ní gbólóhùn kan ṣoṣo tó fi ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Ó máa mọ́ ẹ lára." Mo ní òjò yìí ti pọ̀ jù, pé aṣọ tí mo fọ̀ lọ́jọ́ Ajé ṣì tutù lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ní ó máa mọ́ mi lára. Mo ní ìrẹsì láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ìrẹsì lálẹ́, ṣé kò sí oúnjẹ mìíràn nílẹ̀ yìí ni? Wọ́n ní ó máa mọ́ mi lára. Ẹ̀fọn jẹ mí, ibà dá mi dúbúlẹ̀, obìnrin Ọ̀fà kan wá kí mi, ó jókòó ti ibùsùn, ó jẹ ọsàn tó gbé wá fún mi tán, ó ní kí n má da ara mi láàmú, ó máa mọ́ mi lára. Mo wá ń bi ara mi pé ara wo gan-an ni wọ́n ń sọ. Ara kan ṣoṣo ni mo gbé wá.

Mi ò sá fún ogun, mi ò sì sá fún ebi. Ọkọ ni mo tẹ̀ lé. Gàníyù wá sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó wọ bàtà tó ń dán, ó ní òun ń ṣòwò ní Monrovia, wọ́n sì fi mí fún un. Brọ̀dá Gàní ni mò ń pè é, torí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jù mí lọ. Òwò tó ń mú bàtà dán náà ni ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Vai Town, níbi tó ti ń ta ṣájà, bátìrì àti àpò fóònù. Mi ò ní sọ bí a ṣe rìn. A rìn, a dé, ẹsẹ̀ mi wú.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró ti ọjà, ọkùnrin kan ra ṣájà, ó na ọwọ́ sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́ lásán ni. Bó ṣe ń fa ọwọ́ kúrò, ó fi ìka àárín rẹ̀ gbá tèmi, ó dún pá. Mo já ọwọ́ mi gbà, mo wo òrùka mi bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi mí rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nìyẹn.

Èdè wọn tún ni wàhálà kejì. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé ìdí ọ̀rọ̀ mì bí ẹni tí ebi ń pa. Èmi tí mo ti fẹ́ máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé, màá sọ̀rọ̀ tán, oníbàárà á wo ojú ọkọ mi, á ní, "What she say?" Obìnrin kan tiẹ̀ sọ ọ́ lójú mi pé Gẹ̀ẹ́sì mi le bí egungun. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ta bátìrì fún un, mo ṣépè fún un nínú.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí ìṣẹ́gun kékeré tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan bi mí pé, "How the day?" Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn bíi tiwọn pé, "Tryin' small," ó na ọwọ́, ìka mi sì dún ju tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn débi pé mo dín owó ọjà fún un láìjẹ́ pé ó bẹ̀ mí. Brọ̀dá Gàní bínú sí mi títí a fi délé ní Caldwell.

Lọ́jọ́ Àìkú ni mo máa ń pe Màámi. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ohùn ìyá mi. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù ní àdúgbò wa ní Màsífà kì í wá makirofóònù bí Màámi bá ń ṣíwájú orin. Bó bá pè mí láti ẹnu ọ̀nà ilé wa, ọmọ ilé kẹta á dáhùn "mà." Nínú fóònù, ohùn yẹn máa ń wọlé sí mi létí tán pátá, bí ẹni pé ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ ìrẹsì, Màámi."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ìrẹsì. Mo ní ṣé o ti jẹun."

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. "Kí ló ṣe ohùn ẹ? O ti ń gé ọ̀rọ̀ nírù." Màá ní nẹ́tíwọ́kì ni. Tí mo bá ti gbé fóònù sílẹ̀, màá wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni fìyà jẹ mí. Ilé ń wù mí ni, ó ń wù mí débi pé àyà ń dùn mí. Mi ò sì lè sunkún lójú Brọ̀dá Gàní, torí ẹ̀yin náà mọ ohun tí ì bá sọ.

Nígbà tí mo lóyún, a sọ fún Màámi pé kó wá bá mi ṣe ọlọ́jọ́jọ́ ọmọ. Ó kọ̀. Orúnkún ń dùn ún, ó sì ní òun ò ní wọ ohun tí òun ò lè sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀ bí inú bá bí òun lọ́nà. Ṣùgbọ́n ó ní òun ni òun máa sọ ọmọ náà lórúkọ. Èmi nìkan lọmọbìnrin tó bí. Brọ̀dá Gàní ní kò burú, kó sọ orúkọ náà fún wa lórí fóònù, a ó bá a sọ fún èèyàn. Màámi yarí. Ó ní ṣé òun á máa sọ orúkọ ọmọ òun sínú ihò fóònù bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn ni? Ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá wá gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

"Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀," ni ọkọ mi wí. "Sípíkà ńlá ni màá fi gbé ohùn yín. Wọn á gbọ́ yín ní Caldwell títí dé etí odò."

Mi ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó. Gbogbo èèyàn tó mọ̀ mí ní Monrovia, ìyàwó ẹnì kan ni wọ́n mọ̀ mí sí. "Ìyàwó tuntun" ni wọ́n ń pè mí, àwọn míì ò mọ orúkọ mìíràn títí dòní. Mo fẹ́ kí ohùn Màámi kún àgbàlá wa lọ́jọ́ ìkómọ, kí wọ́n gbọ́ pé èmi náà ní ìyá, pé mi ò hù nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Ohun tí mo ń wá kò ju ìyẹn lọ.

Tí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ ra ohun tó ń lo iná ní Monrovia, ọ̀dọ̀ Alhaji ló ń lọ. A kì í pe orúkọ mìíràn mọ́ ọn. Ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ wà ní Bushrod Island, ó kún fún fáànù, tẹlifíṣàn àti páálí oríṣiríṣi. Nígbà tí Brọ̀dá Gàní kọ́kọ́ dé láti ilé pẹ̀lú báàgì kan, ilé Alhaji ló sùn, oúnjẹ Alhaji ló jẹ, Alhaji ló sì bá a wá ṣọ́ọ̀bù Vai Town. Alhaji ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí ìwọ àti òun bá ń sọ̀rọ̀ òjò, ó máa dé ibi tó ti gba Gàní sílé.

Lọ́jọ́ tí a lọ ra sípíkà, kò síná. A ò lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Alhaji ní ẹ wo ara páálí, ohun gbogbo wà níbẹ̀. Brọ̀dá Gàní wo ara páálí. Àwòrán obìnrin òyìnbó kan tó ń jó ló wà níbẹ̀. Ó san owó.

Sípíkà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó àyà mi. Ọkọ mi so wáyà mọ́ ampilifáyà, ó so fóònù mọ́ ọn, ó ní kí n pe Màámi ká fi wò. Ohun tó jáde jọ ohùn ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Mo gbọ́ pé obìnrin ni. Mo gbọ́ pé inú ń bí i. Ju ìyẹn lọ, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan délẹ̀. Orúkọ ọmọ wo lèèyàn fẹ́ gbọ́ nínú irú èyí?

Lọ́jọ́ kejì a ti wà ní Bushrod Island. Alhaji ò dìde. Ó ń jẹ ẹ̀pà, àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ àti oníbàárà méjì-mẹ́ta dúró yí i ká.

"Gàní, ṣé kì í ṣe pé o fi sí i kó máa ké lọ́jọ́ tó wọlé?"

"A kàn fi gbọ́ ohùn Ìyá ni, sà."

"Ìwọ náà. Sípíkà tuntun ni. Ara rẹ̀ ṣì le, kò tíì dẹ̀. Ẹ máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sí i lójoojúmọ́ títí ohùn rẹ̀ yóò fi là. Ṣé o ò mọ̀ pé sípíkà tuntun ò yàtọ̀ sí ìyàwó tuntun? Ó ń tijú." Ó wo ikùn mi, ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. "Ṣé ẹ rí i pé èyí ti là ní tiẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Mo rí i.

Mo ní, "Alhaji, tó bá máa là, ó máa tó ìgbà wo?"

"Oṣù kan. Ó lè jẹ́ méjì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Lókè orí rẹ̀, lára ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ọjà tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan nílé oníbàárà, ti oníbàárà ni. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọjà fi ṣeé dá padà, oṣù kan ni sípíkà fi ń là. Èmi tí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì mi le, ìyẹn ò le jù fún mi láti lóye. Mo wo ọkọ mi bóyá ó rí ohun tí mo rí. Ó ti ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Báyìí ni sípíkà méjì ṣe di ọmọ ọba nínú ilé. Orí rọ́ọ̀gì ni wọ́n gbé wọn sí, rọ́ọ̀gì tí wọn kì í jẹ́ kí n tẹ̀. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á fi aṣọ bò wọ́n kí òtútù má baà mú wọn, èmi á sì gbé garawa omi kọjá níwájú wọn pẹ̀lú oyún.

Ọ̀rọ̀ wá kan ohun tó yẹ kí wọ́n fi là wọ́n. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wà, Bàbá Sámù, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, onígbàgbọ́ ni. Ó bá àwọn sójà wa wá nígbà ogun láti máa dáná fún wọn. Ogun parí, sójà lọ, Bàbá Sámù ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ṣì ń bọ̀ títí dòní. Ojoojúmọ́ ló wà nílé wa. Brọ̀dá Gàní ní Kùránì ló yẹ kí sípíkà kọ́kọ́ gbọ́, kó lè fi àlùbáríkà là. Bàbá Sámù ní Kùránì dára, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo ni, iṣan kan ló máa nà. Ó ní orin ìjọ, tó ní ohùn obìnrin, ohùn ọkùnrin àti dùùrù nínú, ló máa na gbogbo ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ sípíkà mi di onígbàgbọ́ ni?"

"Gàní, sípíkà ò ní ẹ̀sìn. Mo ń sọ ti iṣan."

Wọ́n jiyàn náà títí ọbẹ̀ fi jóná lórí iná mi. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò: Kùránì láàárọ̀, orin ìjọ lọ́sàn-án. Wọ́n wá kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ fi fújì sí i, kó má baà kọ́ ìwàkuwà. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni jókòó jiyàn báyẹn nígbà tí èmi dé. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó yẹ kí etí tèmi kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀fọn ni wọ́n fi là mí.

Ma Hawa, onílé wa, àgbà obìnrin tó ń gbé ní yàrá iwájú, wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́, ó ń gbọ́ ohùn wúyẹ́wúyẹ́ tó ń ti ara àpótí ńlá méjì jáde. Ó ní, "Y'all buy big-big thing to play it small so?" Mo ṣàlàyé fún un pé tuntun ni, wọ́n ní ó ń tijú bí ìyàwó. Ma Hawa wò mí, ó wo sípíkà, ó ní, "Then carry it back to its ma."

Mo dúró síbẹ̀ lẹ́yìn tó lọ. Mo ṣí aṣọ ojú sípíkà kan. Ẹnu méjì ló ní, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Ẹnu ńlá ń kùn. Mo fi etí lé ẹnu kékeré. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò tiẹ̀ mí. Mo lọ bá ìkejì, bákan náà ló rí.

"Brọ̀dá Gàní, ẹnu òkè ò sọ̀rọ̀ rárá, nínú méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ ò tíì pé. Ẹ jẹ́ ká dá a padà."

"Ó ń tijú ni."

"Ẹni tó ń tijú ṣì máa ń mí. Èyí ti kú."

Ó jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí sípíkà ti wọlé, kò ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ìyàwó, ẹni tó gbà mí sílé nígbà tí mi ò ní ẹnikẹ́ni, ṣé èmi ni màá gbé ọjà rẹ̀ lọ bá a pé òkú ló tà fún mi? Lójú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀? Ojú wo ni màá tún fi rìn ní Bushrod Island?"

"Màámi ń kọ́? Ohùn wọn ń kọ́?"

"Ó máa là kó tó dìgbà yẹn."

Inú bí mi débi pé ọmọ yí nínú mi. Mo rò ó pé kí n gbé e lọ fúnra mi, ṣùgbọ́n oyún, sípíkà méjì àti kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Caldwell nínú òjò, ẹ bá mi rò ó. Ọ̀sẹ̀ náà kọjá. Ọ̀rọ̀ ara ògiri ṣẹ, ọjà di tiwa.

Mo máa ń ronú nígbà yẹn nípa àwọn èèyàn wa níbí. A ò pọ̀. A máa ń rí ara wa ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìkómọ. Kò sí ẹni tó lè bá ẹnì kan jà tán, torí ta lo máa wá bá sọ Yorùbá lọ́la? Nítorí náà, tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, o máa ní sùúrù, tí sùúrù bá pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, o máa pè é ní ọgbọ́n. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn tiwa níbí ti yí i padà. Wọ́n ní tí àjò ò bá dùn, fi ohùn jẹ́jẹ́ sí i, ó máa là.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ó là lóòótọ́. Ọjọ́ Àìkú gbogbo la máa ń fi sípíkà pe Màámi. Ní ọ̀sẹ̀ kan mo gbọ́ "orúnkún." Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gbọ́ "orúnkún ń dùn mí, ìwọ ń jẹ ìrẹsì." Nígbà tó yá, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ mọ́. Brọ̀dá Gàní ń gbọ́, Bàbá Sámù náà ń gbọ́. Bàbá Sámù ní dùùrù ló là á. Ọkọ mi pe Alhaji lójú ẹsẹ̀, ó tọrọ àforíjì fún ìkánjú ìyàwó rẹ̀, mo sì ń gbọ́ bí Alhaji ṣe ń rẹ́rìn-ín láti Bushrod Island. Inú èmi náà dùn. Mo nu eruku kúrò lójú sípíkà, mo ní, "Ẹ má bínú."

Àsìkò kan náà ni nǹkan míì ń là. Mo ń gbọ́ àwọn oníbàárà délẹ̀délẹ̀ láì wo ẹnu wọn. Mi ò sunkún ní balùwẹ̀ mọ́. Mo jẹ iṣu lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tó dalẹ́ mo ń wá nǹkan kiri inú ilé, mi ò mọ ohun tí mò ń wá, àfi ìgbà tí mo se ìrẹsì tí mo jẹ ẹ́. Mo rò pé ìlú Monrovia ti ń dára sí i ni.

Mo bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n ta tapólì sí àgbàlá Ma Hawa nítorí òjò, èèyàn wá láti Vai Town àti gbogbo Bushrod Island, obìnrin Ọ̀fà tó jẹ ọsàn mi náà wà níbẹ̀. Sípíkà méjì dúró níwájú bí òbí. Alhaji jókòó síwájú pátápátá nínú àgbádá funfun, ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ pé òun ni òun kọ́ ilé yìí ní sùúrù. Àáfà ṣe tiẹ̀, ó pe ọmọ ní Ràmátù. Ọkọ mi wá so fóònù mọ́ wáyà, ó ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, Ìyá fẹ́ sọ̀rọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Màámi bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà kún àgbàlá, mo ń gbọ́ ọ wẹ́rẹ́, omi lé sí mi lójú. Ó kí Àáfà. Ó kí onílé. Ó ní àwọn tó gba ọmọ òun lálejò, ilé tiwọn náà ò ní dahoro. Mo gbójú sókè kí n rí bí inú àwọn èèyàn ṣe ń dùn.

Wọ́n ń wo ara wọn. Obìnrin Ọ̀fà tẹ̀ sétí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé Ìyá ń sunkún ni?" Ẹnì kan lẹ́yìn ní Hausa ni. Àáfà bi ọkọ mi pé ṣé nẹ́tíwọ́kì ni. Ọkọ mi ní, "Nẹ́tíwọ́kì wo? Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Èmi, òun àti Bàbá Sámù nìkan la ń dáhùn "àmín." Gbogbo àgbàlá tó kù kàn ń wo àpótí.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Sípíkà ò là. Ẹnu òkè tó ti kú nílé Alhaji ṣì kú síbẹ̀. Àwa la là. Etí wa ló ti tẹ̀ síbi tí nǹkan tó bàjẹ́ tẹ̀ sí, a wá ń jó pé nǹkan ti tọ́. Mo wo Alhaji. Ó ti fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, ó na ọrùn.

"Alhaji, ṣé ẹ̀ ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀."

"Ẹ ní sùúrù sà. Ó ń tijú ni."

Bàbá Sámù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Alhaji sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò rẹ́rìn-ín, torí Màámi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ òun. Ó ti ń súnmọ́ orúkọ.

Mo gbé ọmọ fún Ma Hawa, mo dìde dúró láàárín sípíkà méjèèjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un sọ. Bí Màámi bá sọ ọ̀kan, màá fi gbogbo ohùn mi gbé e jáde. Ọmọ yìí á dàgbà, á dogbó. "Àmín." Kò ní sọnù sájò. "Àmín." Ma Hawa fa ìró mi, "What the Ol' Ma say?" nítorí náà mo tún ń sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tiwọn fún àwọn ará ilé, "She say the child will live long, yah," mo ń gbé ìdí ọ̀rọ̀ mì bí wọ́n ṣe ń gbé e mì, wọ́n sì ń dáhùn. Òógùn bò mí. Mi ò mọ̀ pé mo ní ohùn tó tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi ìyá ìyá rẹ̀," ni Màámi wí, "mo sọ ọ́ ní Ilésanmí."

"Ìyá mi sọ ọ́ ní Ilésanmí." Àgbàlá hó. Ọkọ mi wúkọ́, ó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Mo yí sí Ma Hawa, mo ní ó túmọ̀ sí pé ilé ló dára fún mi jù.

Ma Hawa gbé ọmọ náà sókè, ó wò ó dáadáa. "Which home?"

Mo yí ojú padà sí sípíkà. Màámi sì ti dákẹ́. Gbogbo wa dúró, a rò pé ó ń mí ni. Ohùn rẹ̀ wá jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, inú ń bí i.

"Gàní, ta ni obìnrin tó ń pariwo lẹ́yìn mi látìgbà yẹn? Ẹ ní kó dákẹ́ jàre. Ẹ gbé fóònù fún ọmọ mi, òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Gbogbo ojú wà lára mi, wọ́n ń retí kí n tún un sọ. Àáfà ti la ẹnu sílẹ̀ fún "àmín." Alhaji ní, "Kí ni Ìyá wí?" Ma Hawa ní, "What the Ol' Ma say?" Ọkọ mi ti gbọ́ ọ. Ó ń wo ilẹ̀. Bàbá Sámù bọ́ fìlà rẹ̀.

Ìyẹn nìkan ni mi ò tún sọ. Mo fa wáyà yọ, mo gbé fóònù sétí, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Màámi, èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Èmi náà ni, Màámi." Mo rọra sọ ọ́, mo sọ ọ́ dé ìrù, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ ní Màsífà.

Nínú fóònù kékeré yẹn, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Níbo lo wà láti àárọ̀?"

Mo ní mo wà níbí.